Yìnyín Ẹgbàárùn-ún Ọdún

Ẹ bá mi kí Dókítà Lásúnkànmí o. Ẹ rọra kí i, kí ẹ má baà fo oyè kan, nítorí tí ẹ bá fo ọ̀kan, á ní kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n. Alájọjẹ-Oòrùn. A-kàwé-lójú-yìnyín-bí-ẹni-ka-lẹ́tà. Ọmọ Mowe tó lọ sí òpin ayé tó sì padà láìfarapa. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un.

Ẹ ti rí i pé "ó" ni mò ń pè é, n ò pè é ní "wọ́n", bẹ́ẹ̀ sì ni ó fi ogún ọdún jù mí lọ. Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Ìkìrun ni wọ́n ti bí mi, a mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ẹ̀yin náà ò ní lè pè é ní "wọ́n".

Ní Mowe, nínú oṣù kẹta ọdún 1989, nígbà tí ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ń lọ sùn sínú gọ́tà, kóòtù onírun ni Dókítà máa ń wọ̀ jáde. Kóòtù tó balẹ̀ dé orúnkún, tó ní fìlà lẹ́yìn! Òógùn á máa ṣàn láti etí rẹ̀ wọ inú ọrùn, á ní, "Ara mi ò tíì kúrò ní Gíríńláǹdì." Ọdún mẹ́ta ló ti dé o. Ara wo ni kò tíì kúrò?

Ohun tó gbé e lọ sí Dẹ́ńmáàkì, a ò mọ̀. Ohun tó gbé bọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn méjì ti pàdé tí kò ti sọ ọ́. Ó ní ọdún mẹ́jọ ni òun fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan níbẹ̀, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ka ìtàn oòrùn àtijọ́ nínú yìnyín tí wọ́n gbé wá láti Gíríńláǹdì, erékùṣù wọn tó wà ní òpin ayé. Wọ́n pè é síbi ìsọmọlórúkọ, oòrùn ló ṣàlàyé fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Tí a bá ní, "Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń kà á, sà?" á rẹ́rìn-ín àgbà.

"Kò sí yìnyín kan tó wọ ilé yẹn tí ọwọ́ mi ò kàn."

Inú wa á dùn. A ò mọ̀ pé òótọ́ tó tóbi jù tó ń sọ nìyẹn.

Èmi ni Olúṣẹ̀yẹ, iṣẹ́ fíríìjì ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé Dókítà, òun ni lánlọ́ọ̀dù mi. Nítorí náà, tó bá ti ń sọ̀rọ̀, èmi á máa mi orí. Orí mímì wà lára owó ilé.

Ìyàwó rẹ̀, Fàsílátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ashraf, ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà. Fírísà ńlá méjì wà lẹ́yìn ilé, ó kún fún títùsì àti ṣáwà. Ìyá Ashraf ni wọ́n ń bọ́ Dókítà, àwọn ni wọ́n sì ra bàtà tó fi ń lọ ṣe yàǹgà kiri. Dókítà kì í dé ìdí fírísà yẹn. Ó ní òórùn ẹja ò bá ìmọ̀ lọ.

Lóṣù tí mò ń wí yìí ni rédíò sọ pé inú ń bí oòrùn, pé ìjì kan jáde láti ara rẹ̀ tó pa iná ìpínlẹ̀ kan lódindi ní Kánádà. Àwa ní Mowe rẹ́rìn-ín. Ìlú tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́ láìsí ìjì kankan, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde dúró, ó wo ọ̀nà Ibafo, ó sì lá ètè.

Mo mọ ohun tó wà lọ́nà Ibafo. Oko Bàbá Màmúdù ni. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé títì ẹsipurẹ́ẹ̀sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ láti etí títì wọ inú lọ, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú igi obì díẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyàwó wọn sí, wọn ò ní òmíràn. Àwọn ará Èkó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri lágbègbè wa. Ojú oníkálukú ń là, ṣùgbọ́n ojú Dókítà là débi pé kò lè pa á dé mọ́.

Ó ránṣẹ́ sí Bàbá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n jókòó sí, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ò rọrùn. Yìnyín ti sọ̀rọ̀."

"Yìnyín?" ni Bàbá wí. "Èyí tó ń bá òjò bọ́ yẹn? Ìyẹn a máa sọ̀rọ̀?"

"Tiyín ló ń bá òjò bọ́. Tèmi, ẹgbàárùn-ún ọdún ló ti wà nílẹ̀. Kò sí ohun tí kò rí."

"Ó rí mi?"

"Ó rí oko yín."

Bàbá fi ọwọ́ di irùngbọ̀n mú. Dókítà sún àga rẹ̀ mọ́ wọn.

"Nǹkan kan wà nínú yìnyín náà, bẹ̀rílíọ́ọ̀mù lorúkọ rẹ̀. Tó bá ti pọ̀, oòrùn burú nìyẹn. Ó pọ̀, Bàbá. Ó pọ̀ débi pé mo sunkún. Ọdún mọ́kànlá ni oòrùn máa fi jókòó lé oko yín lórí. Ẹ̀gẹ́ yín á jinná nínú ilẹ̀. Tí ẹ bá wà á, ẹ ò tún ní sè é, iyọ̀ nìkan lẹ máa wá."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbàdo Bàbá ti ìdúnta gbẹ, ti èṣí náà sì gbẹ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí okùn, á sá. Mo rí i tí ẹ̀rù wọ ojú àgbàlagbà yẹn, inú mi ò sì dùn rárá.

"Kí ni ṣíṣe?" ni wọ́n bi í.

"Ẹ gbé ilẹ̀ náà fún mi. Oòrùn ti mọ́ èmi lára, èmi á máa bá a fà á. Ẹ̀yin, màá fún yín ní fíríìjì."

"Fíríìjì?"

"Kí oòrùn má baà pa yín ni. Ẹ ṣáà máa ṣí i, ẹ máa jókòó síwájú rẹ̀."

Ẹ̀yin ará mi, ilé Bàbá Màmúdù ò ní iná. Òpó iná kan ṣoṣo tó sún mọ́ wọn, àwọn ẹyẹ ló ń lò ó, nítorí kò sí wáyà lórí rẹ̀. Fíríìjì náà ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà. Ó ti kú látọdún méjì, n ò rí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó ń mú un tutù fi sí i. Dókítà ní kí n fi ọ̀dà funfun kùn ún, kó dà bí tuntun.

Mo kùn ún. Mo jẹ́wọ́. Ojú ń tì mí, mo sì ń kùn ún lọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mò ń kùn ún nígbà tí Bàbá wọlé wá wò ó. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹran ọ̀sìn ni.

"Olúṣẹ̀yẹ, ó dáa, àbí?"

Mo ní, "Ó funfun, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ fún bàbá tó ń fún mi ní ẹ̀gẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Bàbá ti gbà, wọ́n sì ti mú ọjọ́ Sátidé láti tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbàdo, mo wọ rélùwéè níbẹ̀, mo sì sọ̀ ní Ifọ̀.

Nùsírátù, àbígbẹ̀yìn Bàbá Màmúdù, ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì ní ilé ìwé girama kan níbẹ̀. Mo bá a ní kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti ń retí kó pòṣé, kó ní irọ́ ni.

Ó ní, "Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀yẹ."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ń ka ìtàn oòrùn nínú yìnyín lóòótọ́. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan."

Ó yíjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Ó ní àwọn ìtànṣán kan wà tó ń ti ọ̀nà jíjìn réré bọ̀ láti ojú ọ̀run, tí wọ́n ń já lu afẹ́fẹ́ òkè wa, tí wọ́n sì ń fọ́ ọ. Nínú ohun tó fọ́ yẹn ni irú bẹ̀rílíọ́ọ̀mù kan ti ń jáde. Kì í wà títí láé, ó ń jẹrà, ó sì ń tú ìtànṣán tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jẹrà, ṣùgbọ́n ó lọ́ra: ó lé ní mílíọ̀nù ọdún kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ó ń bá yìnyín wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní òpin ayé, níbi tí yìnyín kì í ti í yọ́. Ti ọdún yìí á bo ti èṣí mọ́lẹ̀, ti àmọ́dún á bo ti ọdún yìí. Àwọn òyìnbó á wá gbẹ́ ẹ jáde ní gígùn, wọ́n á máa kà á láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀.

"Bíi rẹ́jísítà yín," ni mo wí.

"Bíi rẹ́jísítà." Ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn. Oòrùn ní agbára tó fi ń lé àwọn ìtànṣán yẹn padà. Lọ́dún tí ara rẹ̀ bá le, ó ń lé wọn, bẹ̀rílíọ́ọ̀mù á kéré. Lọ́dún tó bá ń sinmi, wọ́n á ráyè wọlé, á sì pọ̀."

"Dúró ná. Dókítà ní tó bá pọ̀, oòrùn burú ni."

Nùsírátù gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́, ó sì ní òun sunkún."

"Ó yí i sódì nìyẹn."

Mo dúró níwájú pátákó yẹn, mi ò lè lọ. Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń fọwọ́ kan yìnyín, n ò mọ̀ pé irú ìròyìn báyẹn lè wà nínú rẹ̀. Ó wú mi lórí. Ó sì dùn mí wọnú eegun pé ìmọ̀ tó dára tó báyìí, ẹnu Dókítà Lásúnkànmí ló gbà wọ Mowe.

"Ẹ má jẹ́ kí Bàbá tẹ̀ka kí n tó dé," ni Nùsírátù wí. "Mo ní ìdánwò lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti parí, mò ń bọ̀."

Ọjọ́ Sátidé pé. Ẹ gbọ́ o, olè tó gbọ́n á ti mú ìwé lọ bá bàbá nínú yàrá, á gba ìka, á ká ìwé, ó parí. Dókítà kọ̀. Olè tó fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun ni. Ó pe ẹgbẹ́ onílé, ó pe àwọn awakọ̀, ó pe gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ láti Mowe dé Ibafo, ó ní kí wọ́n wá rí iṣẹ́ àánú lójú ilé Bàbá Màmúdù. Igi wà níbẹ̀ tó ní ìbòòji. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ rẹ̀, pé ìmọ̀ oòrùn, inú oòrùn la ti ń gbọ́ ọ.

Tábìlì kan wà láàárín. Ìwé ilẹ̀ wà lórí rẹ̀, páàdì yíǹkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kúlà pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì. Ìyá Ashraf jókòó níwájú pátápátá nínú léèsì, ìyàwó Dókítà pọ́nbélé. Ọkọ wọn ṣí kúlà náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan kan jáde nínú aṣọ funfun.

"Ẹ wò ó! Yìnyín Gíríńláǹdì! Ẹgbàárùn-ún ọdún!"

Ariwo sọ. Èmi sún mọ́ ọn. Iná ti lọ ní Mowe láti Ọjọ́bọ̀, n ò mọ ibi tó ti rí yìnyín tó le tó bẹ́ẹ̀. Ó funfun, kò mọ́ gaara, ojú ò lè rí inú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rí róbótó, òdòdó kékeré kan sì yọ lára rẹ̀ bíi ti ìdí abọ́ ike. Mo ní, họ́wù, ṣé àwọn ará àtijọ́ ní Gíríńláǹdì náà ń lo abọ́ olódòdó?

Dókítà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láago mẹ́wàá. Ó kí ara rẹ̀. Ó kí kóòtù rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sọ ohun tí òun jẹ nínú rẹ̀, ó sọ ohun tí òun ò jẹ tán.

"Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn àgbà Dẹ́ńmáàkì wá fi kún un: bí èèyàn bá ṣubú lórí yìnyín, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa wò lókè!"

Wákàtí kan kọjá, ó wọ ìkejì. Oòrùn Mowe, tí kò ní lẹ́tà ẹ̀rí kankan, ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí tábìlì.

Nígbà tó yá, Dókítà yọ rédíò kékeré kan nínú àpò, ó gbé e lé yìnyín lórí. "Ẹ dákẹ́! Ẹ máa gbọ́ ìtànṣán!"

Kṣṣṣṣṣṣ. Èmi mọ̀ pé àárín iléeṣẹ́ rédíò méjì ló yí i sí, ṣùgbọ́n Bàbá Màmúdù ò mọ̀. Wọ́n tẹ́ etí sí i.

"Orúkọ yín ló ń pè, Bàbá."

Bóyá òógùn ló jẹ́ kí ìka Dókítà yọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yí i, n ò lè sọ. Rédíò náà ta gìrì, obìnrin kan sì fi ohùn dídùn wí pé, "...ọṣẹ tó ń hó yẹ́ẹ́! Ra méjì, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́!"

Dókítà pa á kíá. Ó wò yíká. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti ń fọṣọ!"

Àwọn kan mi orí o. N ò ní dárúkọ wọn, mo ṣì ń bá wọn gbé.

"Ó yá, Bàbá. Ẹ tẹ̀ka."

Ó di ọwọ́ ọ̀tún Bàbá mú, ó tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́ páàdì yíǹkì títí ó fi dúdú kirikiri. Mo na ọrùn wo ojú títì, n ò rí Nùsírátù. Mo fẹ́ pariwo, ohùn mi ò jáde. Ó ku díẹ̀ kí àtàǹpàkò yẹn kan ìwé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Nùsírátù ló kúnlẹ̀ lẹ́yìn wa, erùpẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Bó ṣe gba àárín èrò wọlé, n ò rí i. "Ẹ má bínú sà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ oòrùn bíi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, kí n lè lọ fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì."

Tó bá jẹ́ pé ó bú u ni, Dókítà ì bá ní kí wọ́n tì í síta. Ìyìn ló fi mú un. Dókítà tún kọ́là kóòtù ṣe. "Máa bi mí, ọmọ mi." Bàbá gbé àtàǹpàkò dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Tí oòrùn bá ń le sí i, ṣé bẹ̀rílíọ́ọ̀mù inú yìnyín á pọ̀ ni, àbí á dín, sà?"

"Á pọ̀! Ewúrẹ́ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Á dín ni, sà. Oòrùn tó bá le ń lé ìtànṣán tó ń dá a sílẹ̀ padà ni." Kò gbé ohùn sókè. "Tí èyí tí ẹ rí bá pọ̀ bí ẹ ṣe wí, oòrùn ń sinmi nìyẹn. Yìnyín sì ń sọ ti àná ni sà, kì í sọ ti ọ̀la. Kò sì mọ oko ẹnì kankan ní Ibafo."

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Dókítà na ìka sí i. "Ìwọ ọmọdé yìí! O ti dé ilé ìwádìí rí? Èmi tó jẹ́ pé kò sí yìnyín tó wọlé tí ọwọ́ mi ò kàn?"

"Ẹ má bínú sà. Tí yìnyín bá ti wọlé, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń gbé e."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, sà?"

"Mo máa ń gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, màá tì í wọ yàrá òtútù."

"Lẹ́yìn náà?"

Dókítà gbé àyà síwájú. "Màá ti ilẹ̀kùn."

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe sí i nínú yàrá náà, sà?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ṣebí mo ti ti ilẹ̀kùn!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín bú jáde láti iwájú dé ẹ̀yìn. Awakọ̀ kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú. "Alááàrù! Alááàrù yìnyín!" Dókítà ń gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni afẹ́fẹ́ ti yí padà. Àwọn ará iwájú ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo imú. Kí lèyí? Gbogbo ojú bọ́ sórí tábìlì. Yìnyín ẹgbàárùn-ún ọdún ti yọ́ kọjá ìdajì, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀, ó pọ́n díẹ̀. Ojú kan yọ nínú rẹ̀. Ojú kejì yọ. Lẹ́yìn náà, orí títùsì mẹ́rin jókòó lórí tábìlì, wọ́n la ẹnu, wọ́n kọjú sí Dókítà.

Ìyá Ashraf dìde nínú léèsì. "Bàbá Ashraf! Ṣé kì í ṣe yìnyín orí ẹja mi nìyẹn? Èyí tí mo dì sínú abọ́ fún oníbàárà mi? Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wá a!"

Ẹni tó bá ń rì, kò sí ohun tí kò lè dì mú. Dókítà na orí títùsì kan sókè fún èrò. "Ẹ rí i bí? Ẹja ẹgbàárùn-ún ọdún!"

"Ẹgbàárùn-ún ọdún wo? Ọjọ́rú ni mo rà wọ́n! Iná tó lọ lọ́jọ́ náà ti bà wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dì!"

Bàbá Màmúdù dìde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rìn dé ìdí tábìlì, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fa imú.

"Lásúnkànmí, wẹ́n ní o sọ pé oòrùn àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀." Bàbá nà ró. "Òórùn àtijọ́ rèé."

Yéè! Ẹ ò rí bí ilẹ̀ ṣe mì. Orúkọ tuntun ti délẹ̀ kó tó sọ orí títùsì sílẹ̀: Dókítà Olóòórùn! Àwọn awakọ̀ gbé e, àwọn télọ̀ gbà á, àwọn ìyàwó ilé ń fi í pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ tó ti ń wá láti àárọ̀ fún un, kò sì mọ ibi tó máa fi ojú sí.

Ohùn mi jáde nígbà yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá.

"Bàbá, fíríìjì yẹn ti kú. Láti ọdún méjì ló ti kú. Èmi ni mo kùn ún."

Dókítà wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi ẹja sínú yìnyín. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi ti lọ. Kó máa lọ.

"O ní ó funfun," ni Bàbá wí.

"Mo ní ó funfun, Bàbá."

"O ò parọ́." Wọ́n wò mí títí ojú mi fi wọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ bóyá ó dáa ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, ó sì yẹ kó máa dùn mí.

Alága ẹgbẹ́ onílé ní kí Dókítà tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé. Ó kọ́kọ́ ní òun ò lè dọ̀bálẹ̀, pé kóòtù ò ní jẹ́ kí òun tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bọ́ ọ!" Ó bọ́ ọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbó, ó ya lẹ́yìn láti ọrùn dé ìbàdí, gbogbo ayé sì rí i. Ó nà gbalaja sínú omi ẹja tó ti ṣàn sílẹ̀.

"Ẹ darí jì mí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi mí sẹ́sín."

"Gbé orí sókè," ni Bàbá wí.

Ó gbé e sókè. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì di àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún, tó ṣì dúdú fún yíǹkì, mọ́ iwájú orí rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n yí i díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì, kí gbogbo ìlà rẹ̀ lè jáde.

"Ìka tí o ń wá rèé," ni wọ́n wí. "Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mi ò lọ síbì kan."

Bàbá wá na àtàǹpàkò síwájú, wọ́n ní kí ẹnì kan bá àwọn wá omi, kí àwọn fọ ọwọ́, ebi ń pa àwọn. Dókítà sáré dìde, kó lè ṣe rere kan kí ọjọ́ tó bọ́. Ó bu omi yìnyín orí tábìlì sínú ìdérí kúlà, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún wọn.

Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Omi kànga ni mo fẹ́."